Iyanu: ìwé ni ká kọ́kọ́ kà, àbí kàtúùnù ni ká kọ́kọ́ wò? (Àti ìjà orí àmì ohùn)

Òǹkàwé kan béèrè pé:

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ti sọ ara rẹ̀ di Iyanu. Àtìgbà tó ti wo kàtúùnù náà lọ́dọ̀ àbúrò ọkọ mi tó ti Amẹ́ríkà dé, a ò sinmi mọ́. Ìborùn mi ló fi ń ṣe aṣọ, ọ̀pá ìgbálẹ̀ ló ń nà sí ewúrẹ́ aládùúgbò wa pé òun fẹ́ wò ó sàn. Wọ́n ní ìwé ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ kó tó di kàtúùnù. Ṣé kí n ra ìwé yẹn, àbí kí n fi owó mi ra nǹkan mìíràn? Bàbá rẹ̀ ní ohun òyìnbó tí wọ́n kàn da aṣọ òkè bò ni. Mi ò mọ èsì tí mo lè fọ̀ fún un.

* * *

Ẹ rà á, mà. Mo fi ìyẹn ṣáájú kí ọ̀rọ̀ má baà pọ̀ débi tí ẹ ò ní rí ìdáhùn mú nínú rẹ̀. Mẹ́ta ni ìwé náà. Ìkíní jáde ní 2021, ìkejì ní 2022, ìkẹta ní 2023. Roye Okupe ló kọ ìtàn, Godwin Akpan ló ya àwòrán, ilé ìtẹ̀wé Dark Horse ní Amẹ́ríkà ló tẹ̀ ẹ́. Oṣù kẹrin ọdún 2025 ni kàtúùnù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lórí Cartoon Network àti HBO Max.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ò tíì mọ ìtàn náà: ọmọ òrukàn ni Ìyanu. Ilẹ̀ Yorùbá tó ń gbé, ilẹ̀ Yorùbá inú àlọ́ ni, kì í ṣe èyí tí olùkọ́ ìtàn kọ́ wa. Ìlú kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Elu. Odi ńlá yí i ká, nítorí ègún kan ti ba ẹranko igbó jẹ́, àwọn ẹranko náà sì ń pa èèyàn. Ẹ̀yìn odi ni Ìyanu ń gbé pẹ̀lú obìnrin tó tọ́ ọ, tí wọ́n ń pè ní Olori, tó ń kọ́ ọ ní ìtàn àtijọ́ àti bí a ṣe ń dáàbò bo ara ẹni. Nígbà tí agbára inú ọmọ náà jáde, ó hàn pé ó lè wo ẹranko tí ègún bá jà sàn dípò kó pa á. Ibẹ̀ ni ewúrẹ́ aládùúgbò yín ti bá wọn wọ inú ọ̀rọ̀ yìí.

Mo ti ń ka ìwé aláwòrán láti kékeré, mo sì lè sọ pé àwọn tó fẹ́ràn ọmọ yìí fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ìwòsàn yẹn. Àwọn akọni tí a mọ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ̀ṣẹ́ ni wọ́n ń jù. Èyí, ọwọ́ ló ń gbé lé orí ẹni tó fẹ́ bù ú jẹ.

* * *

Ọ̀rọ̀ bàbá ọmọ. Ó pọ̀ lẹ́nu àwọn èèyàn, kì í ṣe bàbá ọmọ nìkan ló ń sọ ọ́. Ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ ni pé: Amẹ́ríkà ni wọ́n ti tẹ ìwé, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti fi hàn, owó Amẹ́ríkà ni, kí wá ló kan Yorùbá níbẹ̀ ju aṣọ àti orúkọ lọ?

Mo gbà pé owó tó ṣe kàtúùnù náà kì í ṣe owó wa. Lion Forge ló gbé e ṣe, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà sì ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká tọ ọ̀nà tí ọkùnrin yẹn gbà. Èkó ni wọ́n bí Okupe sí. Ọdún 2002 ló lọ sí Amẹ́ríkà láti kàwé. Kàtúùnù gan-an ló kọ́kọ́ fẹ́ ṣe, akọni ọmọ Nàìjíríà ló sì fẹ́ fi ṣe é, ṣùgbọ́n kò rí ẹni gbé owó sílẹ̀. Ó dá YouNeek Studios sílẹ̀ ní 2012, ó wá yí padà sí ìwé, nítorí ìwé ni agbára rẹ̀ ká. Ìwé àkọ́kọ́, E.X.O., jáde ní 2015, owó tí àwọn èèyàn dá jọ lórí Kickstarter ló sì fi tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Malika, ọbabìnrin ajagun.

Ní 2019 ó pa dà sórí ohun tó kọ́kọ́ wù ú: wọ́n fi Malika ṣe kàtúùnù kékeré kan, ilé iṣẹ́ Anthill ti Niyi Akinmolayan ní Èkó bá wọn lọ́wọ́ sí i, Adesua Etomi sì fi ohùn rẹ̀ ṣe Malika. Orí YouTube ni wọ́n gbé e sí lọ́fẹ̀ẹ́. Mo rántí pé orí fóònù ni mo ti wò ó, iná ò sí, mo sì wò ó tán lẹ́ẹ̀mejì kí bátìrì tó kú. Kò sí Dark Horse nídìí ìyẹn. 2021 ni Dark Horse tó gbà láti máa tẹ ìwé wọn.

Nítorí náà, mà, ẹ bi bàbá ọmọ: tí àgbẹ̀ Ọ̀yọ́ bá gbé iṣu rẹ̀ lọ tà ní Èkó, ṣé iṣu Èkó ni a ó máa pè é?

* * *

Ẹnì kan ti dáhùn pé òun ò fara mọ́ àpèjúwe iṣu yẹn, pé ẹni tó bá san owó oko ló ni ìkórè. Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, nítorí ìbéèrè ìyá yìí ni ìwé àti kàtúùnù, èwo ni ká fi ṣáájú.

Ọ̀nà méjì ni àwọn èèyàn pín sí. Àwọn kan ní dandan, ìwé ni. Pé ẹni tó bá ti wo kàtúùnù tán, ìwé á dà bí àmàlà tó ti tutù lẹ́nu rẹ̀. Àwọn kejì ní ọmọ kékeré kì í ka nǹkan tí kò tíì rí kó máa rìn, pé kàtúùnù ló ń fa ọmọ wọ inú ìwé. Èrò tèmi: ọmọ yín ti wo kàtúùnù, ìyẹn ti kọjá. Ohun tí ìwé máa fún un báyìí ni pé ó lè dúró. Kàtúùnù kì í dúró dè é. Nínú ìwé, tó bá fẹ́ wo bí Akpan ṣe ya ewé igbó fún wákàtí kan, kò sẹ́ni tó máa yí ojú ewé mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọmọ tó ń ya àwòrán máa jèrè gan-an. Ẹ fún un ní bébà àti pẹ́ńsù, kẹ́ ẹ sì fi í sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ ra ìwé kìíní nìkan ná. Ẹ má tíì ra mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

* * *

Mo ṣèlérí fún ara mi pé mi ò ní dá sí ọ̀rọ̀ àmì ohùn níbí, ṣùgbọ́n wọ́n ti gbé e dé. Ẹnì kan ní: "Orúkọ Yorùbá láìsí àmì kan ṣoṣo lórí rẹ̀, ẹ wá ń pè é ní àṣà wa." Ẹlòmíràn fèsì pé àwa gan-an kì í fi àmì sí orúkọ wa lórí fọ́ọ̀mù báńkì, kí ni a fẹ́ kí ilé ìtẹ̀wé Amẹ́ríkà ṣe?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú mi. Ọmọ àbúrò mi ń gbé ní Houston. Ní 2023, nígbà tí kàtúùnù ò tíì jáde, ọmọ ọdún mẹ́jọ ni. Mo ra ìwé kìíní fún un, mo ra ọ̀kan fún ara mi, a sì ń jọ kà á lórí WhatsApp ní gbogbo Sátidé, aago mẹ́ta ọ̀sán lọ́dọ̀ mi n'Íbàdàn, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ lọ́dọ̀ tiwọn. Òun á ka ti òyìnbó tó wà nínú ìwé, èmi á sọ ọ́ ní Yorùbá, òun á tún un sọ. Nígbà tí a dé ibi tí àmọ̀tẹ́kùn tí Ìyanu wò sàn ti ní orúkọ, lẹ́tà ńlá mẹ́rin ló wà níbẹ̀: EKUN. Ọmọ náà kà á sókè: "Ẹkún."

Mo bi í pé, "Kí ló wá ń pa á lẹ́kún?"

Ó dákẹ́. Mo ń rí iwájú orí rẹ̀ nínú fóònù, ó ti tẹ̀ mọ́ ìwé. Ó wá fi èdè òyìnbó tó lù mọ́ Yorùbá sọ pé bóyá ègún yẹn ń dun ẹranko náà. Pé bóyá láti ìgbà tó ti ń bu èèyàn jẹ ló ti ń sunkún, kò kàn sẹ́ni tó gbọ́ ọ ni.

Mi ò lè sọ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo ṣàlàyé fún un pé ẹkùn ni, ohùn ìsàlẹ̀ ló wà lẹ́yìn, ẹranko alámì tótòtó inú oríkì. Ó ní, "Ṣùgbọ́n Màmá Ìbàdàn, ó lè jẹ́ méjèèjì." Mo ní kó mú pẹ́ńsù.

Láti ọjọ́ náà la ti ń fi pẹ́ńsù fi àmì sórí gbogbo orúkọ inú ìwé. Agbára, ìyẹn rọrùn. Bíyìí àti Tóyè, àwọn ọmọkùnrin méjì tó ń bá Ìyanu rìn, ìyẹn náà rọrùn; àbúrò mi ní Tóyè kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Olori ló gbà wá ní Sátidé kan gbáko. Ṣé olórí ni, ẹni tó ń ṣáájú? Àbí olorì, ìyàwó ọba? Obìnrin tó ń dá gbé nínú igbó tó ń tọ́ ọmọ tí kì í ṣe tirẹ̀, èwo nínú méjèèjì ló bá a mu? Ọmọ náà dìbò fún olorì, ó ní obìnrin tó mọ ìtàn tó bẹ́ẹ̀ kò ní ṣàì ti gbé láàfin rí. Elu ò tíì yanjú dòní.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé àmì ohùn ò ṣe pàtàkì, ẹ wo iye nǹkan tí a rí nínú orúkọ mẹ́fà.

* * *

Mo mọ̀ pé àwọn tó ń kó ìwé aláwòrán pamọ́ máa bínú sí mi. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ná. "Ẹ fi pẹ́ńsù kan ìwé tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀!" Wọ́n ní ìwé tí wọ́n bá kọ nǹkan sí, iye rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ nìyẹn, pé inú ọ̀rá ló yẹ kó wà, kí atẹ́gùn má kàn án.

Mo bọ̀wọ̀ fún ìfẹ́ tí ẹ ní sí ìwé. Ìfẹ́ ni. Èmi náà mọ bó ṣe rí kí ìwé dé pẹ̀lú igun tó ti tẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi dúró de ìwé kejì lọ́wọ́ òǹtajà kan, nígbà tó dé, ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, kò sì sẹ́ni tó dá mi lóhùn. Ṣùgbọ́n ìwé tó wà nínú ọ̀rá ò lè kọ́ ọmọ ní ohùn ẹkùn. Ẹni tó bá fẹ́ kó o pamọ́, kó ra méjì. Tí a bá sì fẹ́ kí àmì wà nínú rẹ̀ láti ilé ìtẹ̀wé, ẹ jẹ́ ká kọ̀wé sí wọn. Lẹ́tà ńlá ni wọ́n fi ń kọ ọ̀rọ̀ inú ìwé aláwòrán, ọ̀pọ̀ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ni kò ní ẹ tó ní àmì lókè àti ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó ń kọ ọ́ sínú àwòrán á ní láti fi ọwọ́ ya á ni. Iṣẹ́ ni, kì í ṣe ohun tí kò ṣeé ṣe. Ọmọ ọdún mẹ́jọ fi pẹ́ńsù ṣe é.

* * *

Ìbéèrè kan wọlé láti ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn: kí ló dé tí wọn ò fi èdè Yorùbá ṣe kàtúùnù náà?

Àwọn tó fi ohùn ṣeré níbẹ̀, ọmọ Nàìjíríà ni wọ́n. Serah Johnson ni Ìyanu, Samuel Kugbiyi ni Tóyè, Okey Jude ni Bíyìí. Adesua Etomi-Wellington, Shaffy Bello àti Blossom Chukwujekwu náà wà níbẹ̀. Òyìnbó ni wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n òyìnbó ẹnu wa ni. Mo mọ ìyá kan ní Maryland tó ní ọmọ òun gbọ́ ohùn yẹn, ó yíjú sí òun, ó ní, "Ó ń sọ̀rọ̀ bíi tìẹ." Ìyẹn ò kéré. Ọmọ tí wọ́n ti fi ohùn ìyá rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ rí ní ilé ìwé mọ ohun tí mò ń wí.

Síbẹ̀, mo fẹ́ Yorùbá. Mi ò sọ pé kí wọ́n pa ti òyìnbó rẹ́. Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń fi ohùn èdè mìíràn sórí kàtúùnù, èdè Faransé, èdè Sípéènì, èdè Potogí. Àwọn òṣèré tó lè sọ ọ́ ní Yorùbá kún Ìbàdàn àti Èkó fọ́fọ́. Àwọn kan ní kò sí ọjà fún un. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni fíìmù Yorùbá ti ń jẹ láti ọjọ́ tó ti pẹ́ wá?

Ní ilé àbúrò mi, wọ́n ti yanjú rẹ̀ fúnra wọn. Wọ́n máa ń pa ohùn tẹlifíṣọ̀n, ọmọ á ṣe Ìyanu, bàbá rẹ̀ á ṣe gbogbo ẹranko, ìyá rẹ̀ á ṣe Olori. Mo ti gbọ́ ọ lórí fóònù. Bàbá yẹn, ìṣirò owó ló ń ṣe níbi iṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bó ṣe ń bú ramúramù.

* * *

Díẹ̀ kúrò lórí ọ̀rọ̀, nítorí ẹnì kan kọ ọ́ pé èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí ìwé aláwòrán wa máa di ohun tí à ń wò. Rárá o.

Ẹ ti gbàgbé Ikebe Super, ìwé aláwòrán apanilẹ́rìn-ín? Ọdún 1976 ni Wale Adenuga bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, inú rẹ̀ ni Papa Ajasco ti wá. Ó di fíìmù ní 1984, ó sì tún di eré tẹlifíṣọ̀n tí gbogbo ilé ń wò. Kí á tó dé ibẹ̀ gan-an, Atọ́ka wà, ìwé ìròyìn tó ń fi fọ́tò àwọn òṣèré alárìnjó sọ ìtàn, ọ̀rọ̀ Yorùbá lẹ́nu wọn nínú àwòrán. Ìyá mi ní àwọn kan nínú àpótí. Eré orí ìtàgé ni Atọ́ka gbé wọ inú ìwé. Iyanu gbé ìwé wọ inú eré. Ọ̀nà kan náà ni, wọ́n kàn gbà á láti orígun méjì.

Kí a sì má pa Iwájú pọ̀ mọ́ Iyanu, mo rí i pé àwọn kan ń ṣe bẹ́ẹ̀. Iwájú, Èkó ọjọ́ iwájú ni, Disney àti Kugali ló jọ ṣe é, 2024 ló jáde. Àwọn Kugali náà, ìwé aláwòrán ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n sọ fún BBC ní 2019 pé àwọn máa na Disney, Disney gbọ́, ó sì pè wọ́n. Ṣùgbọ́n Iwájú fúnra rẹ̀, orí ìwé kankan kọ́ ló ti wá. Ẹni tó bá ń wá ìwé rẹ̀ kiri kó sinmi.

* * *

Ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan sọ pé kàtúùnù "ba ìwé jẹ́" nítorí kò tẹ̀ lé e ní ojú ewé sí ojú ewé: ẹ ní sùúrù. Ẹ rántí àwọn ìjàpá mẹ́rin tó ń ja ìjà ninja? Ọdún 1984 ni Kevin Eastman àti Peter Laird tẹ ìwé àkọ́kọ́ fúnra wọn, bí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ẹ̀dà, dúdú àti funfun, ìjà inú rẹ̀ le, wọ́n pa ọ̀tá wọn ńlá nínú ìwé àkọ́kọ́ yẹn gan-an. Àwọ̀ pupa kan náà ni gbogbo wọn fi bojú. Kàtúùnù 1987 ló fún oníkálukú ní àwọ̀ tirẹ̀, tó sì sọ wọ́n di aláwàdà. Àwọn tó fẹ́ràn ìwé bínú nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n àwa tí a wo kàtúùnù, ṣé a lè dá wọn mọ̀ láìsí àwọ̀ yẹn? Ìwé ṣì wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ, kò sẹ́ni tó pa á rẹ́.

Iyanu ní àǹfààní kan tí ọ̀pọ̀ wọn ò ní: ẹni tó kọ ìwé ló wà nídìí kàtúùnù. Ohun tó bá yí padà níbẹ̀, òun ló yí i.

* * *

Nípa ẹ̀sìn. Ìyá kan bèèrè bóyá ó bójú mu fún ọmọ Kristẹni, alàgbà kan sì ní òun ò ní jẹ́ kó wọ ilé òun. Ẹ jókòó tì í, kẹ́ ẹ wo apá méjì àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ pinnu. Ilé yín ni. Mi ò ní bá òbí jà lórí ìyẹn. Mo kàn fẹ́ kí ẹ rántí pé àlọ́ tí ìyá àgbà pa fún wa kún fún igi tó ń sọ̀rọ̀ àti ẹranko tó ń gbé àwọ̀ wọ̀.

Ẹni tó sì ń bèèrè pé ibo ni Ọ̀yọ́ wà nínú àwòrán ilẹ̀ Iyanu, ibo ni Ifẹ̀ wà: Fágúnwà tẹ Ògbójú Ọdẹ jáde ní 1938, kò sì sẹ́ni tó ní kó fi ọ̀nà Igbó Irúnmalẹ̀ han òun kóun wọkọ̀ lọ.

* * *

Ní ti àwọn tó ń fi PDF ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Mo ti rí i, wọ́n ti fi ránṣẹ́ sí èmi náà, mo sì pa á rẹ́. Mo mọ̀ pé ìwé wọ́n. Dọ́là ni wọ́n fi ń tà á, owó tí wọ́n fi ń gbé e wá tún wà lórí rẹ̀, kì í ṣe gbogbo ọwọ́ ló tó o. Mi ò ní pe ẹni tí kò ní lówó ní olè. Ṣùgbọ́n ẹni tó lówó dátà láti wa fíìmù mẹ́rin lóṣù, tó wá ní ìwé wọ́n, ìyẹn ni mò ń bá wí. Ìwé ló sọ wọ́n di ẹni tí wọ́n pè fún kàtúùnù. Bí a ò bá ra ìwé àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn, kí ni wọ́n máa fi hàn pé èèyàn wà lẹ́yìn wọn?

Ohun tí àwa ń ṣe ní àdúgbò wa nìyí, bóyá á wúlò. Àjọ ni. Òbí mẹ́jọ ni wá. Oṣù dé, oníkálukú á mú owó tirẹ̀ wá, a ó fi ra ìwé kan, ẹni tó kan á kọ́kọ́ mú un lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì, á sì gbé e fún ẹni tó tẹ̀ lé e. A ti ra mẹ́tẹ̀ẹ̀ta Iyanu, a ti ra Malika. Kálẹ́ńdà ògbólógbòó la fi ń bo ẹ̀yìn ìwé, bí a ti ń ṣe nígbà tí a wà ní ilé ìwé, kí ọbẹ̀ má baà ta sí i. Ìwé kìíní ti gba ilé mẹ́jọ kọjá, àmì pẹ́ńsù inú rẹ̀ sì ti pọ̀ ju èyí tí a fi ránṣẹ́ lọ. Ní ilé kan wọ́n ti yí Tóyè padà sí Tóyìn, ilé tó tẹ̀ lé e pa á rẹ́, wọ́n tún un kọ.

* * *

Ìyá tó béèrè ti pa dà wá. Ó ní:

Ìwé kìíní ti dé. Bàbá rẹ̀ ní òun ò kà á, àmọ́ mo bá a nídìí rẹ̀ lálẹ́ àná, ó ní òun ń wo bí wọ́n ṣe ya aṣọ ni. Ọmọ ń bèèrè nígbà tí sáà kejì máa dé. Ìbéèrè tèmi: àmì wo lẹ fi sórí Elu nínú ìwé tiyín? A ti jiyàn títí.

Mà, inú mi dùn gan-an. Ní 2025 wọ́n kéde sáà kejì àti fíìmù méjì, ẹ sọ fún un bẹ́ẹ̀.

Ní ti Elu, mi ò tíì kọ nǹkan kan sí i. Èmi rò pé ìlú ni wọ́n fi ọgbọ́n yí padà. Àbúrò mi ní kò ní ìtumọ̀, orúkọ lásán ni. Ṣùgbọ́n mo sọ fún ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ kan pé ewé kan wà tí àwọn aláró Abẹ́òkúta fi ń ṣe aró, èlú, tàbí ẹ̀lú, bí ẹnu oníkálukú bá ṣe gbé e. Ó fọwọ́ sí ìyẹn lójú ẹsẹ̀. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e ó gbé àwòrán kan sójú fóònù: odi ìlú yẹn, gígùn rẹ̀ gba bébà méjì tó fi sẹlotéèpù lẹ̀ pọ̀. Ó ti fi kréyọ́nù aláró kùn ún láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹkùn wà lẹ́yìn odi, ó jókòó, omi kan sì wà lójú rẹ̀.